Ojú Ẹ̀rọ Mélòó Ló Yẹ Kó Wà Níwájú Kẹ̀kẹ́?

Láti ìgbà tí ooru ti mú, ìbéèrè kan ni àwọn ọmọ Yorùbá tí a jọ ń gbé ní Ouaga 2000 ń bi ara wọn. Bí ènìyàn bá fẹ́ máa gun kẹ̀kẹ́ nínú yàrá, tó ń wo ojú ọ̀nà lórí kọ̀ǹpútà bí ẹni pé ó wà nígboro, ojú ẹ̀rọ mélòó ló yẹ kó tò síwájú ara rẹ̀? Àwọn kan ní ọ̀kan ti tó. Àwọn mìíràn ní kò sí ohun tó dùn tó mẹ́ta: ọ̀kan fún ọ̀nà, ọ̀kan fún ìṣirò, ọ̀kan fún bọ́ọ̀lù. Owó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, ìlera wà níbẹ̀, ọmọ kékeré tó ń sáré káàkiri inú ilé náà sì wà níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi gbé e wá síwájú yín lọ́sẹ̀ yìí.

Ká sọ èrò tiwa ṣáájú kí a tó ṣàlàyé. Ojú ẹ̀rọ kan pọn dandan. Èkejì wúlò, bó bá kéré. Ẹ̀kẹta sábà máa ń gba ojú tó yẹ kó wà lára ọmọ.

Ìlú kẹ̀kẹ́, kí ló dé tí a fi ń gùn ún nínú ilé?

Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé Ouagadougou yóò rí i pé kẹ̀kẹ́ àti alùpùpù ló ni ìlú. Ìyálọ́jà ń gùn ún lọ sọ́jà, ọmọ ilé-ìwé ń gùn ún lọ kàwé, òṣìṣẹ́ ìjọba ń gùn ún lọ síbi iṣẹ́. Kutweefo ni àwọn Mossi ń pe kẹ̀kẹ́ ní èdè Mooré, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ẹṣin irin. Orúkọ náà bá ìtàn wọn mu, nítorí ìran ẹlẹ́ṣin ni wọ́n. Láti ọdún 1987 ni wọ́n ti ń ṣe ìdíje Tour du Faso, tí àwọn agunkẹ̀kẹ́ fi ń ti ìlú kan bọ́ sí òmíràn fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, ìlú Kigali ní Rwanda gba ìdíje àgbáyé kẹ̀kẹ́ ojú títì lálejò, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ìdíje náà wáyé nílẹ̀ Áfíríkà. Nítorí náà, kẹ̀kẹ́ gígùn kì í ṣe àṣà àjèjì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wọ̀lú.

Kí wá ni a ń wá nínú yàrá? Àdúgbò Ouaga 2000 tó wà ní gúúsù ìlú, níbi tí ààfin Kosyam ti Ààrẹ wà, ní títì ọlọ́dà tó fẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n láti oṣù kẹta dé oṣù karùn-ún, ooru ọ̀sán máa ń kọjá dígírì 40. Bí ọyẹ́ bá sì dé, eruku aṣálẹ̀ á bo ojú ọ̀run, ọ̀fun á gbẹ, ẹni tí ikọ́ ẹ̀gbẹ ń bá jà kò ní lè mí dáadáa níta. Àkókò tí ara ń tuni ni ìdájí àti òru, òun náà kò sì ṣe é gbẹ́kẹ̀lé. Lẹ́yìn tí àwọn ológun gbàjọba ní ọjọ́ 24 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2022, wọ́n kéde kónílé-ó-gbélé láti agogo 9 alẹ́ sí agogo 5 ìdájí. Irú òfin bẹ́ẹ̀ kì í dúró títí, àmọ́ nígbà tó bá wà, wákàtí tó dára jù lọ fún agunkẹ̀kẹ́ ló ń gbà lọ.

Ara kì í sì í dúró de ojú ọjọ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa ṣe eré ìdárayá tó ń mú kí ọkàn lù kánkán díẹ̀ fún ìṣẹ́jú 150 sí 300 láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ẹni tí dókítà ti sọ fún pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, tàbí pé ṣúgà ara rẹ̀ ti ga, kò lè ní òun ń dúró de òjò oṣù kẹfà kí òun tó bẹ̀rẹ̀. Irú àwọn ẹni bẹ́ẹ̀ wà nínú ilé wa, baba ni wọ́n, ìyá ni wọ́n. Tiwọn là ń rò tí a fi ń kọ èyí.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́

Ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n ń pè ní trainer. Irin tó dúró gbagidi nílẹ̀ ni. A óò yọ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ wa, a óò sì gbé kẹ̀kẹ́ náà kọ́ ọ lára. Irú kan tún wà tí a kì í yọ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn fún, táyà náà ni yóò máa yí lórí irin kékeré kan. Bí a ti ń fi ẹsẹ̀ yí kẹ̀kẹ́, ẹ̀rọ náà ń wọn agbára wa, ó sì ń fi í ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà láìlo wáyà. Lórí kọ̀ǹpútà, àwòrán ẹnì kan tó dúró fún wa yóò máa gun kẹ̀kẹ́ lọ. Bí ọ̀nà inú àwòrán bá gun òkè, trainer tó gbọ́n yóò le mọ́ wa lẹ́sẹ̀. Bó bá dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, yóò fúyẹ́.

Zwift ni orúkọ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ jù. Ọdún 2014 ló kọ́kọ́ jáde fún ìdánwò, owó oṣooṣù ni wọ́n sì ń gbà. MyWhoosh, tí wọ́n ń ṣe láti Abu Dhabi, jẹ́ ọ̀fẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé eré ọmọdé ni. Ní oṣù keje ọdún 2020, nígbà tí àrùn kòrónà ti mú kí wọ́n sún Tour de France síwájú, àwọn ògbóǹtarìgì díje lórí Zwift láti inú yàrá wọn. Ryan Gibbons ọmọ Gúúsù Áfíríkà ló gba ipò kìn-ín-ní lọ́jọ́ àkọ́kọ́ láàárín àwọn ọkùnrin. Ní ọjọ́ 9 oṣù kejìlá ọdún náà, àjọ kẹ̀kẹ́ àgbáyé, UCI, ṣe ìdíje àgbáyé àkọ́kọ́ fún kẹ̀kẹ́ inú ilé. Jason Osborne láti Jámánì ló borí nínú àwọn ọkùnrin. Nínú àwọn obìnrin, Ashleigh Moolman-Pasio ló gbégbá orókè, ọmọ Gúúsù Áfíríkà lòun náà. Ẹ ò rí i pé obìnrin àkọ́kọ́ tó gba oyè náà lágbàáyé, ọmọ Áfíríkà ni.

Ojú kìn-ín-ní àti ojú kejì

Ojú ẹ̀rọ kìn-ín-ní ni ọ̀nà. Láìsí i, a kò ní mọ ìgbà tí òkè ń bọ̀, a kò sì ní mọ ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Kò di dandan kí a ra tuntun. Tẹlifíṣọ̀n tó ti wà nílé, tó ní ihò HDMI, ti tó. Wáyà HDMI kan láti ara kọ̀ǹpútà alágbèéká dé ara rẹ̀ ni iṣẹ́ tó kù. Ibi tí a gbé e sí ló ṣe pàtàkì ju bí ó ti tóbi tó lọ. Ẹni tó gun kẹ̀kẹ́ máa ń tẹ̀ síwájú díẹ̀, ojú rẹ̀ sì máa ń wo ìsàlẹ̀ díẹ̀. Bí a bá gbé tẹlifíṣọ̀n kọ́ sókè bí wọ́n ṣe ń gbé e kọ́ nílé oúnjẹ, ọrùn á máa yọ sókè bíi ti ògòǹgò, kó tó tó ìdajì wákàtí, ẹ̀yìn ọrùn á ti máa ro. Ẹ jẹ́ kí òkè ojú ẹ̀rọ náà wà ní ibi tí ojú yín bọ́ sí nígbà tí ẹ bá di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú.

Ojú kejì wà fún ohun tó bá ń dí ojú kìn-ín-ní lọ́wọ́. Ẹni tó ń lo Zwift lè gba ẹ̀ka rẹ̀ kékeré, Companion, sórí fóònù. Àwòrán ilẹ̀, ọ̀rọ̀ tí àwọn ẹlẹgbẹ́ ń fi ránṣẹ́, àti àwọn tó wà nítòsí yóò hàn níbẹ̀. Ẹ fi rọ́bà so fóònù náà mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́, tàbí kí ẹ gbé e sórí tábìlì kékeré tí ọwọ́ yín lè tó. Fóònù tí gbogbo wa ti ní lápò ni ojú kejì tó rọrùn jù lọ.

Ẹni tó bá fẹ́ lo ojú ńlá méjì lára kọ̀ǹpútà kan, kó mọ ohun kan. Lórí Windows, bí ẹ bá tẹ bọ́tìnì Windows pọ̀ mọ́ lẹ́tà P, kọ̀ǹpútà á béèrè ohun tí ẹ fẹ́. Lórí àwọn kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń tà fún wa níbí, èdè Faransé ni yóò fi béèrè. Dupliquer ni pé kí àwòrán kan náà hàn lójú méjèèjì. Étendre ni pé kí kọ̀ǹpútà na iṣẹ́ rẹ̀ sórí méjèèjì, kí ọ̀nà wà lórí ọ̀kan, kí ohun mìíràn wà lórí èkejì. Étendre ni ẹ ń wá. Àwọn kan rò pé bí àwọn bá to ojú mẹ́ta, ọ̀nà á nà dé ọ̀tún àti òsì bíi fèrèsé ọkọ̀. Zwift kò ṣe bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀. Ojú kan ni wọ́n ṣe é fún. Ẹni tó bá ra ojú mẹ́ta nítorí èyí ti náwó sí ohun tí kò ní rí.

Bí kọ̀ǹpútà bá ní òun kò rí trainer, tí fóònù sì wà nítòsí, ẹ kọ́kọ́ wo fóònù náà. Ọ̀pọ̀ trainer kì í bá ju ẹ̀rọ kan ṣoṣo sọ̀rọ̀ lórí Bluetooth lẹ́ẹ̀kan náà. Bí fóònù bá ti gbà á mú, kọ̀ǹpútà á máa wá a títí. Ẹ pa Bluetooth fóònù, kọ̀ǹpútà á rí i.

Ojú kẹta ńkọ́?

Ibí ni àríyànjiyàn pọ̀ sí. Àwọn tó fẹ́ ojú kẹta ní wákàtí kan lórí kẹ̀kẹ́ tí kò kúrò lójú kan máa ń súni. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ẹni tó ń rọra gùn ún nítorí ọkàn àti ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, tí kò bá ẹnikẹ́ni díje, eré orí tẹlifíṣọ̀n lè mú un pẹ́ lórí kẹ̀kẹ́ kó tó sọ̀ kalẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀, kó gbé eré rẹ̀ sí ipò ojú kejì, kó fi ìṣirò sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ wo ọ̀nà, tó fẹ́ ka iye, tó tún fẹ́ wo bọ́ọ̀lù pọ̀, ẹni tó lé eku méjì ń pòfo, mélòó mélòó wá ni ẹni tó ń lé mẹ́ta. Ẹsẹ̀ á rọ̀ láìmọ̀, bọ́ọ̀lù á parí, òógùn kò ní tíì jáde.

Ohun kan wà tó sàn ju bọ́ọ̀lù lọ tí a fi ń lo àyè náà nílé tiwa: ìpè. Ẹ̀gbọ́n wa kan wà ní London, àbúrò wa kan wà ní Ìbàdàn. Bí agogo 6 àárọ̀ bá lù ní Ouaga, agogo 7 ni ní Ìbàdàn. Bí a bá ti jọ gun ọ̀nà kan náà nínú ẹ̀rọ, ohùn nìkan ti tó, kò sídìí fún ojú ẹ̀rọ mìíràn. “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ rọra o, òkè ń bọ̀.” Ọ̀rọ̀ ilé á wọlé, ẹ̀rín á wọlé, ìṣẹ́jú ogójì á ti lọ.

Iná àti dátà

Ẹ jẹ́ ká wo owó. Tẹlifíṣọ̀n LED kékeré máa ń jẹ bíi wáàtì 30 sí 60. Kọ̀ǹpútà alágbèéká kì í sábà kọjá 100. Kọ̀ǹpútà ńlá tí wọ́n ń fi ṣe eré lè jẹ 300 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ojú ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan tí a bá fi kún un ń mú kí kọ̀ǹpútà ṣe iṣẹ́ sí i, yàrá náà sì ń gbóná sí i. Nígbà tí iná bá lọ, kọ̀ǹpútà alágbèéká ní bátìrì tirẹ̀, àmọ́ tẹlifíṣọ̀n, ẹ̀rọ íntánẹ́ẹ̀tì àti fáànù á kú lẹ́ẹ̀kan náà.

Fáànù yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ níta, atẹ́gùn tó ń là kọjá ló ń gbẹ òógùn rẹ̀. Nínú yàrá, kò sí atẹ́gùn kankan, ooru á máa pọ̀ lára títí tí ojú á fi máa ṣú. Nítorí náà, bí owó bá wà fún ohun kan péré lẹ́yìn ojú kìn-ín-ní, fáànù tó lágbára ni kí ẹ rà, kí ẹ sì so ó mọ́ ínfátà. Fáànù kan sàn ju ojú ẹ̀rọ mẹ́ta lọ. Ẹ gbé omi sítòsí. Bí òòyì bá ń kọ́ yín, bí àyà bá ń dùn yín, ẹ sọ̀ kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ti àtọ̀gbẹ, kó kọ́kọ́ bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀.

Ní ti dátà, ọ̀nà inú ẹ̀rọ kì í jẹ ẹ́ púpọ̀, nítorí inú kọ̀ǹpútà ni àwòrán náà ti wà, iye àti ipò àwọn ènìyàn ló ń lọ tó ń bọ̀. Àtúnṣe tó máa ń wọlé lóòrèkóòrè ló ń wúwo, ẹ gbà á ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Fídíò orí ojú kejì tàbí ìkẹta ló ń pa dátà, ó lè jẹ gígábáìtì 1 sí 3 láàárín wákàtí kan.

Ẹ kọjú kẹ̀kẹ́ sí ilẹ̀kùn

Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Nínú ọ̀pọ̀ yàrá, ògiri ni wọ́n ń kọjú kẹ̀kẹ́ sí, nítorí ibẹ̀ ni ihò iná wà, ibẹ̀ sì ni tẹlifíṣọ̀n wà. Ẹ̀yìn agunkẹ̀kẹ́ á wá wà sí ilẹ̀kùn. Bí ó bá to ojú mẹ́ta, tó tún ki gbohùngbohùn bọ etí méjèèjì, kò ní mọ ìgbà tí ọmọ ọdún méjì bá wọlé.

Ohun tó wà lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ ni ó ń fa ọmọ mọ́ra: ṣéènì tó ń sáré, irin eléyín tó ń dán, ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ tó ń yí bírí. Ìka ọmọdé wọ àárín wọn wẹ́rẹ́. Kí ẹ má sì rò pé bí ẹ bá ti dá ẹsẹ̀ dúró, ó ti parí. Irin wúwo inú trainer ṣì máa ń yí fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn tí ẹsẹ̀ ti dúró. Yíyọ wáyà iná kò sì ní dá a dúró, nítorí ẹsẹ̀ ènìyàn ló ń yí i, kì í ṣe iná.

Nítorí náà, ẹ yí kẹ̀kẹ́ padà. Ẹ jẹ́ kí ojú agunkẹ̀kẹ́ wà sí ilẹ̀kùn, kí tẹlifíṣọ̀n wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn náà, kí ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ wà ní ìhà ògiri. Bí wáyà kò bá tó, wáyà gígùn kò wọ́n tó ìka ọmọ. Ẹ fi etí kan sílẹ̀ láìdí. Lẹ́yìn eré, ẹ ti ilẹ̀kùn yàrá náà, tàbí kí ẹ da aṣọ tó nípọn bo ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́. Ojú kan níwájú, fóònù kan lọ́wọ́, ilẹ̀kùn láàárín: ẹni tó bá tò ó báyìí á rí ọ̀nà, á sì rí ọmọ.

Ọmọ tó jókòó jẹ́jẹ́ sí igun yàrá tó ń wo ojú ẹ̀rọ pẹ̀lú baba rẹ̀ ńkọ́? Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì kò nílò ìjókòó síwájú ojú ẹ̀rọ rárá, ọmọ ọdún méjì sí mẹ́rin kò sì gbọdọ̀ kọjá wákàtí kan lóòjọ́. Bí bọ́ọ̀lù baba bá ti gba wákàtí yẹn, ti ọmọ ti tán fún ọjọ́ náà. Ó sàn kí ó ní kẹ̀kẹ́ kékeré tirẹ̀ lójúde.

Fèrèsé àti ẹ̀fọn

Ọ̀rọ̀ kan kù, inú ìtàn ìlú Ouagadougou gan-an ló ti wá. Ní oṣù kejìlá ọdún 1959, nígbà tí wọ́n ṣì ń pe orílẹ̀-èdè yìí ní Haute-Volta, Fausto Coppi ọmọ Ítálì wá síbí láti díje. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ló ti borí nínú ìdíje yíká Ítálì, ẹ̀ẹ̀mejì nínú Tour de France. Lẹ́yìn ìdíje, wọ́n lọ ṣọdẹ. Nígbà tó padà délé, ibà gbé e dè. Raphaël Géminiani tí wọ́n jọ wá náà ṣàìsàn, àmọ́ àwọn dókítà rẹ̀ mọ̀ pé ibà ẹ̀fọn ni, wọ́n tọ́jú rẹ̀, ó yè. Àwọn dókítà Coppi kò mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ 2 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1960 ló kú, ẹni ogójì ọdún ni.

Èémí àti òógùn máa ń fa ẹ̀fọn. Ẹni tó ṣí fèrèsé sílẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ kí yàrá lè tutù, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ lórí kẹ̀kẹ́, ẹ̀fọn ló ń pè. Ẹ kan nẹ́ẹ̀tì mọ́ fèrèsé yàrá kẹ̀kẹ́ gẹ́gẹ́ bí ẹ ti ṣe sí ti yàrá ìbùsùn. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí ní òkè òkun, bí ẹ bá wá kí wa, tí ibà sì dé lẹ́yìn tí ẹ padà délé, ẹ tètè sọ fún dókítà pé Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni ẹ ti ń bọ̀.

Ẹni tí owó trainer kò sí lọ́wọ́ rẹ̀, kó má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí kó ìrẹ̀wẹ̀sì bá òun. Kẹ̀kẹ́ ológeere lásán ní agogo 6 àárọ̀, kí oòrùn tó le, ń ṣe ara lóore bákan náà, kò sì béèrè iná. Ẹni tó sì ti ní trainer, kó tó san owó ojú ẹ̀rọ mìíràn, kó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lónìí, kó di ọwọ́ rẹ̀ mú, kó wo iwájú. Bí kò bá rí ilẹ̀kùn, yíyí kẹ̀kẹ́ náà padà ni iṣẹ́ àkọ́kọ́, ọ̀fẹ́ sì ni.